Ọmọ Mi Mọ̀ Mí Nínú Fóònù: Ìrírí Mi ní Berlin

Mò ń kọ èyí fún ẹni tí ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ti fún ní lẹ́tà iṣẹ́, tó ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, tí àwọn ará ilé sì ń sọ fún un pé, "Máa lọ ná, àwọn tó kù á wá bá ọ." Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, ire mi ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan ti jókòó tì mí ní ìparí ọdún 2019, kó sì la ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yé mi, ẹkún tí mo sun ní Berlin ì bá má tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Bí àwọn kan bá ti kọ ètò tí báńkì tàbí ilé ìtajà fẹ́ lò tán, èmi ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí mo máa ń wá ibi tó ti lè dojú dé kó tó dé ọwọ́ àwọn oníbàárà. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ilé iṣẹ́ Berlin yẹn fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé, n kò fojú kan ẹnì kankan nínú wọn títí mo fi dé ibẹ̀. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní Blaue Karte ni wọ́n ní kí n gbà. Ní ọdún 2020, ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi, iṣẹ́ tí wọn ò rí òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó fún, gbọ́dọ̀ máa gba owó tí kò dín ní 43,056 euro lọ́dún kó tó lè rí i gbà. Owó tèmi fi díẹ̀ jù ú lọ. Ọkọ mi jẹ́ olùkọ́ kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọbìnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún kan àti oṣù méjì.

Ohun tí a jọ sọ ni pé n ó lọ ní January, n ó wá ilé, nígbà tó bá fi máa di July, àwọn náà á ti dé. Ẹ̀rù owó ilé ló ń bà wá, a ò mọ bí ẹni mẹ́ta ṣe lè jẹun lórí owó oṣù kan níbẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyí, òun ló sì bí àwọn tó kù: n kò jẹ́ kí ọkọ mi àti ọmọ mi fi ìwé físà tiwọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tèmi. Òfin gbà wá láyè láti jọ fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi náà kò sì béèrè.

N kò mọ̀ pé àwọn ará Jámánì kì í kàn lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí tó bá ti Nàìjíríà wá. Ṣe ni wọ́n máa ń rán lọ́yà kan lọ síbi tí ẹ ti ṣègbéyàwó, yóò ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wò, yóò sì wádìí bóyá tọkọtaya ni yín lóòótọ́. Àwa la ń san owó ìwádìí náà, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Tiwa tún wá lọ́jú pọ̀ nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo. Nínú ìwé ìgbéyàwó wa, wọ́n fi "h" sí orúkọ bàbá mi. Nínú ìwé ìrìnnà mi, kò sí "h" níbẹ̀. Ọkọ mi ní láti lọ búra ní kóòtù, ó sì tún padà lọ síbi tí wọ́n ti so wá pọ̀ kí wọ́n lè tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ kó gbogbo ìwé yín sórí tábìlì lónìí, kí ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà-lẹ́tà. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìlú ìbí. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé iwájú ẹni tó máa gba ìwé lọ́wọ́ yín.

Mo dé Berlin ní January 2020. Kó tó di pé mo mọ ọ̀nà ilé ìtajà dáadáa, àrùn kòrónà ti dé. Ní ọjọ́ 23 oṣù March, Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfuurufú mọ́ ọkọ̀ tó ń ti òkèèrè bọ̀, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 5 oṣù September. July tí à ń retí kọjá lọ báyẹn.

Yàrá kan ni mo ń gbé ní àdúgbò Wedding. Níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbẹ̀ ni mo ti ń jẹun, níbẹ̀ náà ni mò ń sùn. Ọkọ mi ti gbé ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Òkè-Àdó. Ní ìgbà òtútù, ọ̀kan náà ni aago Berlin àti ti Ìbàdàn. Tó bá di ìparí oṣù March, wọ́n á sún tiwọn síwájú ní wákàtí kan. Ó dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n òun ló ba àkókò wa jẹ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìyá ọkọ mi máa ń wẹ ọmọ tán, tó máa ń gbé e sórí itan kí n lè rí i. Nígbà tí aago Berlin sún, aago méje lọ́dọ̀ mi ló bọ́ sí, àkókò yẹn gan-an sì ni àwọn ọ̀gá wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń pe ìpàdé. Bí mo bá jáde ìpàdé, ọmọ ti sùn. Ó yẹ kí n sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé mo ní ọmọ tí mo gbọ́dọ̀ rí ní aago méje. N kò sọ ọ́, ojú ń tì mí. Ọdún kejì ni mo tó sọ ọ́, wọ́n sì gbé ìpàdé náà síwájú láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Mo fi owó lé ohun tó kù. Mo ra fóònù tuntun ránṣẹ́, mo ń san owó data, mo ra inverter nítorí iná tó ń lọ. Lójú mi, bí àwòrán bá ti ń wọlé geere, ọmọ ò ní gbàgbé mi. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú, mo ní nígbà tí fóònù ti lè gbé ojú wá, kí ló kù?

Ní oṣù August ọdún yẹn, ibà mú ọmọ mi, wọ́n sì dá a dúró sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo pè. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyá ọkọ mi sọ pé ọmọ ti sùn, ó sì sún fóònù mọ́ ojú rẹ̀ kí n rí i. Ó sún un mọ́ ọn débi pé n kò rí bẹ́ẹ̀dì tó wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ilé ni wọ́n tó sọ fún mi. "Ìyàwó mi, n ò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú níbi iṣẹ́," bẹ́ẹ̀ ni màmá wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo pa fóònù, mo sì jókòó sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Fóònù kò parọ́ fún mi o, ṣùgbọ́n ibi tí ẹni tó dì í mú bá kọ ojú rẹ̀ sí nìkan ló lè fi hàn ọ́.

Èmi náà kò ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé ni mo máa ń jókòó sí bí mo bá ń pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó rí mátírẹ́ẹ̀sì tó wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé láti ìrọ̀lẹ́ Friday títí di òwúrọ̀ Monday, n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ọdún kan ààbọ̀ ni a fi ń fi ibi tó dára hàn ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èdè níbí, nítorí ó wọ inú ohun gbogbo. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ń sọ níbi iṣẹ́. Bí lẹ́tà bá wọlé ní èdè Jámánì, n ó ya àwòrán rẹ̀, fóònù á túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì rò pé mo ti gbọ́ èdè. Lẹ́tà owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, euro 17.50 lóṣù ni nígbà náà. Mo kà á, mo ní n kò ní tẹlifíṣọ̀n, mo jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé ló ń san án, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo máa fi san án, gbèsè ọ̀pọ̀ oṣù àti owó ìtanràn ló ti wà lórí rẹ̀. Ìyẹn kéré sí èyí tó kù. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, ẹni tó ní Blaue Karte lè gba ìwé ìgbélùú ayérayé lẹ́yìn oṣù 21 bó bá yege ìdánwò èdè Jámánì ní B1, ìpele àárín, àti lẹ́yìn oṣù 33 bó bá jẹ́ pé A1, ìpele àkọ́kọ́ pátápátá, ló mọ. N kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mo ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Ẹ rántí ibi yìí, mo ń bọ̀ wá bá a.

Ní October 2021, físà jáde. Mo lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú BER. Ọmọ mi ku oṣù kan kó pé ọdún mẹ́ta. Mo ti ra bàlúùnù. Nígbà tí wọ́n yọ, ó sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo la ọwọ́ méjèèjì. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó wá gbójú sókè sí bàbá rẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ pe Mọ́mì." Àpò tí fóònù wà ló nawọ́ sí.

Ọkọ mi ní, "Mọ́mì rè é o, Mọ́mì rè é níwájú rẹ." Ọmọ náà mi orí, ó tún na ọwọ́ sí àpò.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò jẹ́ kí n wẹ òun. Mo ṣe gbogbo ohun tí kò yẹ kí n ṣe. Mo ra nǹkan ìṣeré, mo ní kó pè mí ní Mọ́mì kí n tó fún un. Mo gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tó ń ké. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo pariwo mọ́ ọn pé èmi ni mo bí i.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ará Tọ́kì ni ó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Ó gbọ́ ariwo náà. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì tẹ̀ lé e tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Ní 1961 ni Jámánì àti Tọ́kì tọwọ́ bọ̀wé pé kí òṣìṣẹ́ máa wá. Ìyá àgbà náà ní ìyá òun wà lára àwọn obìnrin tó wá sí Berlin lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to rédíò ni wọ́n fi í sí. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá òun ló fi òun sí títí òun fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ará Jámánì ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Kofferkinder, àwọn ọmọ inú àpótí ìrìnnà. Kò sí fóònù nílé wọn lábúlé. Kásẹ́ẹ̀tì ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ sí, tí ẹni tó bá ń lọ ilé á bá a gbé lọ. Ó ní òun mọ ohùn ìyá òun dáadáa, òun fẹ́ràn ohùn náà gan-an, àmọ́ nígbà tí òun dé Berlin tí ohùn yẹn wá ń ti ẹnu obìnrin kan jáde, ẹ̀rù bà òun.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: "Má sọ fún un mọ́ pé ìwọ ni ìyá rẹ̀. Ó ti gbọ́. Jókòó sílẹ̀ níbi tó bá wà."

Ibòmíràn tí mo tún ti rí ìrànwọ́ ni Kita, ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ. Láti August 2013 ni òfin ti fún gbogbo ọmọ tó bá pé ọdún kan ní ẹ̀tọ́ sí àyè níbẹ̀, ní Berlin nígbà náà, a kì í sì san ju owó oúnjẹ lọ, 23 euro lóṣù. Àyè yẹn ṣòroó rí, ṣùgbọ́n a rí i ní January 2022. Wọn kì í gba ọmọ lójijì. Òbí á jókòó sí igun yàrá fún ọjọ́ mélòó kan, kò ní ṣe nǹkan kan, kò ní pe ọmọ, kò ní lé e. Bó bá yá, òbí á jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á padà. Lọ́jọ́ kejì, á jáde fún ìdajì wákàtí, á padà. Eingewöhnung ni wọ́n ń pè é. Ọkọ mi ò lè lọ torí iṣẹ́, èmi ni mo gba ìsinmi. Mo jókòó sí igun yẹn lórí àga kékeré, ọwọ́ mi lórí eékún. Ọmọ mi á ṣeré lọ, á wẹ̀yìn wò bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Mo máa ń wà níbẹ̀. Ó yé mi pé ohun tí n kò tíì ṣe fún un láti ọdún méjì nìyẹn, kí ó wẹ̀yìn kó sì rí mi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nígbà tí mo dìde láti jáde, ó sunkún. Èmi ló ń ké tẹ̀ lé. Olùkọ́ náà ní kí n máà ṣèyọnu, á dákẹ́. Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó bàtà sí, mo sì sunkún tèmi.

Nígbà tí ọmọ ń sún mọ́ mi, ọkọ mi ń jìnnà. Òfin ò sọ pé dandan ni kí ọkọ tàbí aya ẹni tó ní Blaue Karte mọ èdè Jámánì kó tó wá. Àwọn kan tí ìwé ìgbélùú mọ̀lẹ́bí wọn jẹ́ oríṣi mìíràn máa ń kọ́kọ́ ṣe ìdánwò A1 ní Èkó. Inú wa dùn pé kò kàn wá. Ó dé láìgbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún mọ́kànlá, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Jámánì ló ń pinnu ẹni tó lè kọ́ ọmọ, wọ́n ń fẹ́ kí olùkọ́ lè kọ́ iṣẹ́ méjì, wọ́n sì ń béèrè èdè tó jinlẹ̀. Kẹ́mísírì nìkan ni tirẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ló gbà á, iṣẹ́ alẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kan tó ń dì mọ́wọ́, òun ló ń sọ àgbékà tó máa lọ, iye ẹrù tó máa gbé, àti bó ṣe yá tó. Bó bá dúró pẹ́, ẹ̀rọ náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ènìyàn kan tó tíì sọ fún òun pé ṣe báyìí, ẹ̀rọ ni.

Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú òwúrọ̀ ló máa ń wọlé. Aago méje ààbọ̀ ni èmi àti ọmọ ń jáde. Bí mo bá jókòó ṣiṣẹ́ nínú pálọ̀, ó ń sùn nínú yàrá. Bí mo bá tilẹ̀kùn iṣẹ́, ó ń múra àtilọ. WhatsApp ni a wá ń fi bára wa sọ̀rọ̀ nínú ilé kan náà: "Mílíìkì ti tán." "Kita ní kí a mú bàtà òjò wá." Mo ní tọkọtaya tí Ìbàdàn àti Berlin wà láàárín wọn sún mọ́ra ju báyìí lọ.

Owó tún dá kún un. Bí wọ́n ṣe ń yọ owó orí níbẹ̀ ni pé tọkọtaya lè mú ìpele III àti V: ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ ń mú III, wọ́n á yọ díẹ̀ lára tirẹ̀, ẹnì kejì ń mú V, wọ́n á sì yọ púpọ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló gbà mí nímọ̀ràn, mo buwọ́ lù ú, n kò ṣàlàyé fún ọkọ mi dáadáa. Nígbà tó rí ìwé owó oṣù rẹ̀, ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ó rò pé iṣẹ́ òru òun kò níye lórí. Lápapọ̀, owó ilé wa pọ̀ sí i lóṣù yẹn, àmọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ jọ jókòó kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Àwa padà sí ìpele IV àti IV, kí kálukú lè rí òógùn ara rẹ̀ bó ṣe rí. Ìpele V tún máa ń dín owó tí ènìyàn lè gbà kù bí iṣẹ́ bá bọ́ tàbí bí a bá bímọ, torí iye tó ń dé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

Mo tún gbàgbé owó ọmọ, Kindergeld. Euro 219 lóṣù ni nígbà tí wọ́n dé, ó di 250 ní January 2023. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí ọmọ dé ni mo tó béèrè. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń san. Méjì ti lọ.

Ní February 2023, ilé iṣẹ́ mi pè mí sí ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú méjìlá. Wọ́n ní wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà wọn kò gbà mí wọlé mọ́. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, n kò lè kí ẹnikẹ́ni pé ó dìgbà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́, Aufhebungsvertrag, àdéhùn pé a jọ gbà kí iṣẹ́ parí, wọ́n á sì fún mi ní owó oṣù méjì lé e. Ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ ní bí mo bá tètè fọwọ́ sí i, ó máa yá. Mo fi fóònù túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló yé mi, ohun tó máa dá sílẹ̀ ni n kò rí. Mo fọwọ́ sí i.

Ohun tí mo ti fọwọ́ sí ni pé èmi náà gbà kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àjọ tó ń san owó fún ẹni tí kò níṣẹ́ lè tìtorí bẹ́ẹ̀ dá owó dúró fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n sì dá tèmi dúró. Ènìyàn tún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ pé òun ń wá iṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó bá ti mọ̀ pé iṣẹ́ fẹ́ parí láìpẹ́. Ọjọ́ kẹjọ ni mo ṣe é, ọ̀sẹ̀ kan tún bá a lọ. Ká ní mo kọ̀ láti fọwọ́ sí i, wọn ì bá ní láti kọ lẹ́tà ìdádúró gidi. Lábẹ́ òfin wọn, email kò tó fún ìyẹn, orí ìwé ló gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ìbuwọ́lù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n ó sì fi ní láti gbé e lọ sí kóòtù àwọn òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé irú ìwé yìí fún yín, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ka á nílé. Ẹ gbé e lọ bá lọ́yà tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ bá wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń pè ní Migrationsberatung wà káàkiri ìlú, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba àjèjì nímọ̀ràn. Ọ̀nà wákàtí ìdajì ni ti àdúgbò wa sí ilé mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọjá níwájú rẹ̀.

Ìwé ìgbélùú wa ń kọ́? Orí iṣẹ́ mi ni tèmi dúró lé, orí tèmi ni ti ọkọ àti ọmọ mi dúró lé. Wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta láti rí iṣẹ́ mìíràn. Oṣù 33 yẹn ti pé láti October 2022. Ká ní mo ti ṣe ìdánwò A1, èyí tí ẹni tó bá fara mọ́ ọn lè ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìwé ayérayé ti wà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó lé mi. Ní òru, mo máa ń dùbúlẹ̀, mo máa ń ṣírò ọjọ́ náà léraléra.

Mo rí iṣẹ́ mìíràn ní May, owó rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀ àmọ́ ó tó ohun tí òfin ń béèrè. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Èmi àti ọkọ mi wà nílé lọ́sàn-án. A ń jẹun pa pọ̀. Ó sọ fún mi bí ẹ̀rọ yẹn ṣe máa ń dún mọ́ òun lọ́wọ́. Mo sọ ti mátírẹ́ẹ̀sì tó wà nílẹ̀ ní 2020 fún un, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ nìyẹn. A pinnu pé kó fi iṣẹ́ òru sílẹ̀, kó wọ kíláàsì èdè tí ìjọba ṣètò, wákàtí 600 fún èdè àti 100 fún òfin àti ìtàn ìlú, kó máa ṣiṣẹ́ ní Saturday nìkan. Èmi wọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Mo yege B1 ní November 2023, ìwé ayérayé sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní September 2025, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí kẹ́míkà, ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni. Àwọn ọmọdé tí ì bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Ó ń pa dà wálé pẹ̀lú òórùn kẹ́míkà lára, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ọmọ wa ti wọ ilé ìwé. Èdè Jámánì ló fi ń lá àlá, mo máa ń gbọ́ ọ. Yorùbá rẹ̀ ti ń ṣá. Nígbà tó di pé ìyá ọkọ mi á sọ̀rọ̀ nínú fóònù, tí ọmọ á fi Jámánì dáhùn, tí màmá á sì rẹ́rìn-ín láìgbọ́ nǹkan kan, mo rí i pé màmá ló wá wà níbi tí mo wà ní 2020. Àwọn ló tọ́ ọmọ náà títí ó fi kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́ta. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa ki ọmọ ní oríkì láràárọ̀, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ sórí WhatsApp, kí n máa fi í jí i. Wọn kò tíì pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà mìíràn, a ń gbọ́ àkùkọ Òkè-Àdó lẹ́yìn ohùn wọn. Ọmọ ti mọ oríkì rẹ̀ dé ìdajì, ó sì ń béèrè ìtumọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí ohùn lè dé. A ti bẹ̀rẹ̀ ìwé físà ìbẹ̀wò fún màmá, àádọ́rùn-ún ọjọ́. Wọ́n ya àwòrán ìwé ìrìnnà wọn ránṣẹ́ sí wa lálẹ́ àná. A gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí ọkọ mi, a ń fi wọ́n wéra. Ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà dúró láàárín wa, ó ń fi ìka tọ́ orúkọ ìyá àgbà rẹ̀, ó ń pe lẹ́tà rẹ̀ síta fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan.